Ọkọ̀ Tó Jọ Bàtà

Òjò ti wọ ọ̀sẹ̀ kejì ní bèbè odò Pádímà,
ọ̀nà ọjà ti di ẹrẹ̀, pẹ́pẹ́yẹ nìkan ló ń gbádùn.
Mo ṣí àpótí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀.
Sàrí mẹ́rin ló jáde:
aláwọ̀ ewé tí mo wọ̀ wọlé ọkọ,
funfun ti ìyá ọkọ mi, tó fi ṣọ̀fọ̀ ọdún mọ́kàndínlógún,
àti méjì tí n kò rántí ẹni tó rà wọ́n,
tí ọṣẹ ti lá àwọ̀ wọn tán bí ọmọdé ṣe ń lá ṣúgà.

Aṣọ tuntun kò dára fún kántà,
ìbora tí àwa obìnrin etí odò ń rán.
Aṣọ tuntun a máa le, a máa gbéra ga,
kò tíì mọ ara ènìyàn.
Èyí tó ti gbó ni mo fẹ́,
tí òógùn ti rin, tí oòrùn ti gbẹ,
tí ọmọ ti nu imú sí létí,
tí mo bá gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, n kò ní mọ ibi tí aṣọ parí sí.

Mo tẹ́ wọn léra lórí ẹní, ìpele mẹ́rin,
mo fi bíríkì tẹ igun wọn kí afẹ́fẹ́ má baà jí wọn gbé.
Mo yọ òwú pupa létí sàrí kan, òwú búlúù létí òmíràn.
Ta ló tún ń ra òwú?
Wọlé, jáde. Wọlé, jáde.
Abẹ́rẹ́ ń rì, abẹ́rẹ́ ń ta sókè bí ẹja wẹ́wẹ́.
Ibi tí abẹ́rẹ́ bá gbà lokùn ń tọ̀:
ìwé tí mo kà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kẹta ni Motaleb wá jókòó tì mí.
Ogójì ọdún ló fi tukọ̀ èrò lórí odò yìí
kí afárá tó dé, kí ọkọ̀ rẹ̀ tó di ibi tí adìyẹ ń yé ẹyin sí.
Ó wo òjò. Ó wò mí. Ó wúkọ́.
"Fún mi lábẹ́rẹ́ kan."
Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi gún ara mi níka.

Èmi ni mo ń bá a ki okùn bọ abẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ ti ṣú.
Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó di aṣọ mú bí ẹni di àjẹ̀ mú,
ahọ́n rẹ̀ yọ síta bí ti ọmọ iléèwé.
Ojú ìrán rẹ̀ gùn bí ẹsẹ̀ lékèélékèé,
ó yà sọ́tùn-ún, ó gbàgbé, ó padà.
Ó ní ọkọ̀ òun lòun ń rán, tìgbòkun tìgbòkun.
Rokeya wá yá iyọ̀, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan:
"Bàbá, bàtà ta nìyí?"

Ọjọ́ méjì ni Motaleb kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.
Lálẹ́ ọjọ́ kejì mo gbé fìtílà, mo fẹ́ tú u.
Kí n má purọ́: mo ti fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ gbé okùn àkọ́kọ́ sókè.
Òjò ń ro ẹjọ́ tirẹ̀ lórí páànù.
Ibẹ̀ ni mo ti rí kókó tó ta,
kókó ńlá, irú èyí tí wọ́n fi ń so ọkọ̀ mọ́ èèkàn
kí odò má baà gbé e lọ lóru.
Mo fi í sílẹ̀.
Mo rán omi yí i ká, búlúù tín-ín-rín, ìlà lórí ìlà,
títí bàtà náà fi léfòó.

Jorina ọmọ wa bímọ nígbà tí odò ti ń fà.
A ká ọmọ sínú kántà, ó sì tọ̀ sí i lọ́jọ́ kìn-ín-ní,
lórí òdòdó òṣíbàtà mi gan-an, tí mo fi ọjọ́ mẹ́sàn-án rán.
Bàbá àgbà ní omi ò kan ọkọ̀ tòun.
Títí dòní ló ń wí i fún àlejò.

Lánàá ó bi mí, bí ẹni tí kò bìkítà,
bóyá sàrí kan ṣì kù nínú àpótí.