Fìlà Bàbá Sètónjí

Ní Àgbádárìgì, láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì Rere,
kakí Bàbá Sètónjí la wọ̀ fún Júdásì.
Aṣọ́bodè ni Bàbá láyé òyìnbó,
ó dúró ní Sẹ̀mẹ̀ pẹ̀lú bọ́tìnnì idẹ mẹ́fà,
ó ń bi àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń bọ̀ láti Àjàṣẹ́ pé,
"Kí lo gbé? Ìlú wo lo ti wá?"
Àbúrò ìyá rẹ̀! Ẹni tó ti pọ̀n ọ́n rí!

A ki èèpo àgbọn bọ inú kakí náà títí ó fi yọ ikùn,
a wọ́ ọ láti Pósúkò dé etí ọ̀sà,
a ń nà án ní pàṣán, a ń pariwo: "Júù! Júù!"
Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé Júù ni Jésù.
Èmi tiẹ̀ rò pé ìnagijẹ Júdásì ni,
bí a ṣe ń pe Mautin ní Mau.

Ní ọjọ́ kejì ọ̀hún, ẹnu kan náà la fi kọrin Síónì.
Síónì tiwa kò ní ẹ̀fọn. Ẹnikẹ́ni kì í fọ abọ́ níbẹ̀.
Àwòrán ilẹ̀ tí àwọn míṣọ́nnárì fi sílẹ̀ lára ògiri
fi Jẹ́ríkò hàn, ó fi odò Jọ́dánì hàn,
ó fi ibi tí ẹja ti gbé Jónà mì hàn.
Mo wá Àjárá níbẹ̀, níbi tí wọ́n bí mi sí.
Ilé ikán ni mo bá.

Lódìkejì ọgbà, ní ilé kéwú ọkọ Àǹtí Múní,
bí Áfáà bá dé orí ọ̀rọ̀ Yahúdì, á pòṣé kó tó tẹ̀ síwájú.
Òun náà kò rí ẹyọ kan rí.
Ọkọ̀ ojú omi gbé ìwé tiwa wá,
ràkúnmí gbé tirẹ̀ dé,
a sì gba ẹrù náà tọwọ́tẹsẹ̀,
a kò bi ẹlẹ́rù pé ìjà ta ló dì mọ́ ọn.

Ọdún tí mo pé mọ́kànlá ni obìnrin kan wá
láti tún ẹ̀rọ omi ilé ìwé wa ṣe.
Ó ní Dèbórà lorúkọ òun, Júù lòun.
Mautin yọjú wo inú àpò rẹ̀,
ó ń wá ọgbọ̀n owó fàdákà.
Girísì ló bá, àti ọsàn tí wọ́n ti bó.
Ìyá àgbà gbé ìgò omi wá pé kó fọwọ́ kàn án,
ṣebí ọmọ ilẹ̀ mímọ́ ni.
Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ẹ má mu omi yìí o,
ìpẹtà ti pọ̀ jù nínú rẹ̀."
Áfáà kò wá. Ó rán ọmọ ní kẹ́ẹ̀gì méjì.

Lálẹ́, ó jókòó ti Bàbá lórí àga pákó.
Ó ní wọ́n kó gbogbo ará ilé ìyá òun sínú ọkọ̀ ojú irin,
wọn kò gé tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ fún ẹnì kan.
Ìyá òun nìkan ló ṣẹ́kù nínú èèyàn mẹ́tàdínlógún.
"Ìdí nìyẹn tí a fi padà sílé."
Bàbá mi orí. Ó mi orí pẹ́.
Lẹ́yìn náà ló béèrè, bí ẹni ń béèrè ẹrù:
"Ta lẹ bá nílé?"
Obìnrin náà wo ọ̀sà.
"A bá èèyàn."
"Wọ́n dà?"
Àtùpà ń jó.
"Àwọn kan ṣì wà. Àwọn mìíràn wà lódìkejì ẹnubodè."

Bàbá fọwọ́ kan àyà rẹ̀, níbi tí bọ́tìnnì máa ń wà.
Kò bú u. Kò súre fún un.
Ó bó ọsàn mìíràn fún un ni.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Mautin wá tọrọ fìlà kakí
tí a ó fi dé Júdásì lórí.
Bàbá ní fìlà náà ti sọnù.
Orí rẹ̀ ló wà.