Òṣómàáló Inú Ewé Ẹ̀gẹ́

Bàbá bàbá mi kò mọ̀wé.
Èédú ló fi ń kọ gbèsè sára ògiri
nílé wa ní Ìṣọ̀kún, nílùú Iléṣà:
ilà kúkúrú fún ṣílè, ilà gbọọrọ fún pọ́n-ùn,
ẹsẹ̀ ẹyẹ fún obìnrin Ẹ̀fọ̀n tó ra aṣọ aràn,
tó ní òun á san án lọ́jọ́ ọjà, tí kò san án.
Bó bá dé ẹnu ọ̀nà onígbèsè,
á ká ṣòkòtò sókè, á lóṣòó:
"Òṣó ni mà á ló títí n ó fi gbowó mi."

Èmi ọmọ ọmọ rẹ̀, èmi náà ń lóṣòó,
nídìí fíríìjì, tí mò ń bẹ jẹnẹrétọ̀ kó má kú,
nítorí ewé ẹ̀gẹ́ mẹ́tàlélógójì
témi àti Morádékẹ́ já ní Ìbòdì, ní Ẹ̀rìn, ní Ìpetu,
ewé tó ká kò bí etí ajá tó jagun,
tó pọ́n bí ìyeyè lábala-lábala.
Fáírọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Ojú kò rí i,
ṣùgbọ́n ó ní ògiri tirẹ̀.

Lẹ́tà mẹ́rin péré ló mọ̀,
ó ń da ara rẹ̀ kọ tọ̀sán-tòru
bí ọmọ tí tíṣà ní kó kọ orúkọ rẹ̀ nígbà ẹgbẹ̀rún.
Ta ló máa kọ ẹgbẹ̀rún tí kò ní ṣì í kọ?
Àṣìkọ kan á pa á. Òmíràn kò ní ṣe é ní nǹkan;
ìyẹn lọmọ rẹ̀ ń jogún, tó ń fi tirẹ̀ lé.
Mo to ewé Ìbòdì ti ewé Ẹ̀rìn,
mo ka ibi tí wọ́n ti yàtọ̀, mo bi wọ́n:
ìgbà wo lẹ pínyà nílé baba yín?

Gbèsè kì í sọ̀rọ̀ bí a kò bá mọ èlé.
Àṣìkọ mélòó lọ́dún kan?
A ò mọ̀, títí ọmọ olóògbé Àjànàkú,
ọ̀gá oko ìjọba láyé ọjọ́sí,
fi gbé ìwé baba rẹ̀ wá nínú àpò sìmẹ́ǹtì.
Ewé ẹ̀gẹ́ kan wà láàárín rẹ̀, ó gbẹ bí awọ alángbá,
íńkì abẹ́ rẹ̀ kà pé: Oṣù Òkúdu, 1961.
Morádékẹ́ pariwo. Mo ní kó má mí sí i.
Òkú ewé ló wá sọ èlé fún alààyè.

Kọ̀ǹpútà fi òru mẹ́ta rò ó.
Ó ní: kò dín ní ọgọ́fà ọdún, kò ju igba lọ.
"Ṣé ìdáhùn nìyẹn?" Morádékẹ́ ló bi mí.
Bí wọ́n bá bi bàbá bàbá mi lọ́jọ́ orí,
a ní ogun Kírìjì ti tú kí wọ́n tó bí òun,
wọ́n sì ti bí òun kí reluwé tó wọ Òṣogbo:
"Àárín méjèèjì ni kẹ́ ẹ wá mi sí."
Kò purọ́ ọjọ́ kan ṣoṣo rí.

Ewé Ìpetu kan ló kọ̀, tí kò gbà.
Orí rẹ̀ jọ ilé kan, ìdí rẹ̀ jọ ilé mìíràn:
fáírọ́ọ̀sì méjì pàdé nínú igi kan,
wọ́n gé ara wọn, wọ́n so ara wọn.
Gbèsè ta ni ká kọ sí i lọ́rùn?
A yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò. Ó ń dùn mí di òní.

Òkun lẹ̀gẹ́ gbà wá, gbogbo wa mọ̀.
Mo ti rò pé inú ẹrù rẹ̀ ló di àrùn yìí sí.
Rárá o. Àwọn ìbátan àrùn náà kò sí lókè òkun,
igbó wa níbí ni wọ́n ti ń retí rẹ̀.
Ẹ̀gẹ́ ni àlejò. Àrùn ni onílé.

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò bàbá mi
fi ọ̀dà funfun kun ògiri Ìṣọ̀kún nítorí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀.
Gbogbo onígbèsè bọ́ lọ́jọ́ kan.
Mo lọ síbẹ̀, mo lóṣòó,
mo fi èékánná ha ibi tí ẹsẹ̀ ẹyẹ wà tẹ́lẹ̀.
Dúdú ṣì wà lábẹ́.