Ọdún Tí Mo Fi Ṣòkòtò Rosendo Rán

Ní Sígsig, a kì í jẹ́ kí ọdún lọ lófo.
A máa ń rán an bí ọmọláńgidi,
a ó ki lẹ́búlẹ́bú pákó sí i níkùn,
a ó dé e ní fìlà.
Bó bá di ọ̀gànjọ́, a ó dáná sun ún lójú títì.

Tèmi lọ́tẹ̀ yìí, ṣòkòtò Rosendo ni mo fi rán an,
èyí tó máa ń wọ̀ lọ sóko àgbàdo
títí tí orúnkún rẹ̀ fi ya.
Oṣù kẹwàá rèé tí olówó rẹ̀ ti sùn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì,
ṣòkòtò ṣì rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn
bí ẹni tó ń retí kí n sọ pé, "Ó yá."

Mo tú àpò rẹ̀ wò kí n tó mú abẹ́rẹ́.
Mo bá ìwé owó ilé ìwòsàn Cuenca, ó ká a sí mẹ́rin.
Mo bá hóró àgbàdo mẹ́ta
àti súìtì kan tó ti lẹ̀ mọ́ ìwé ara rẹ̀.
Mo jẹ súìtì náà.
Kí ni ǹ bá tún fi í ṣe?

Fìlà mọ́kàndínlógún ni mo hun lọ́dún yìí.
Oníṣòwò wò wọ́n, ó yọ owó kúrò nínú owó,
ó ní ojú ìhun ti ń wọ́.
Irọ́ kọ́ ló pa.
Koríko fìlà láàánú ju ènìyàn lọ:
bí o bá ṣì í hun, o lè tú u dé ibi àṣìṣe,
kí o bu omi wọ́n ọn, kí o tún bẹ̀rẹ̀.
Oṣù kẹta ò ṣeé tú.

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí Delfina náà ò ṣeé tú,
lọ́jọ́ tí a jà nítorí omi ẹ̀yìnkùlé,
tí mo fi ọmọ rẹ̀ tó wà lẹ́wọ̀n bú u.
Wọ́n ní ẹyin lohùn, fífọ́ ní í fọ́.
Tèmi ò fọ́.
Ó pa, ó di àkùkọ,
ó ń kọ láàárín ilé wa méjèèjì láràárọ̀.

Lálẹ́ òní, àwọn ará àdúgbò yóò gbé àpótí òfìfo,
wọn ó sáré yípo ilé,
kí ọdún tuntun lè rán wọn lọ sọ́nà jíjìn.
Ọdún mẹ́fà ni mo fi sá eré yẹn
nítorí Nube, ọmọ mi, tó ń wẹ arúgbó onílé ní Murcia.
Orúnkún mi ni ìrìn-àjò náà pin sí.
Lánàá ó pè. Ó ní, "Màmá, ìgbà wo?"
Mo ní, "Mo ń bọ̀."
Àwa méjèèjì la jọ mọ̀ pé irọ́ ni.

Àjàrà méjìlá ló yẹ kí n jẹ, ẹ̀bẹ̀ kan fún oṣù kan.
Mo já mẹ́rin sínú àwo. Eyín mi mọ ìwọ̀n ara rẹ̀.
Ọ̀kan: kí n kan ilẹ̀kùn Delfina kí àkùkọ yẹn tó kọ.
Ọ̀kan: kí n wí fún Nube pé n kò ní wá,
pé òun ni kó wá, kó wá wo bí mo ṣe kéré tó.
Ìyókù, ebi ni mo fi jẹ wọ́n.

Ẹnìkan lu ilẹ̀kùn.
Wilmer ni, ọmọ ẹni tó ń rọ táyà,
ó wọ gáùnù dúdú, irùngbọ̀n yọ lábẹ́ ìbòjú,
ó ń ṣe bí opó ọdún tó ń kú lọ:
"Ọkọ mi ń lọ o! Ẹ ṣàánú, ẹ ta mí lọ́rẹ!"
Ó rí mi, ohùn kú mọ́ ọn lẹ́nu.
Opó ń wo opó.
Ẹ̀rín ni mo bú sí, ẹ̀rín tó dùn mí níhà,
àkọ́kọ́ láti oṣù kẹta.
Mo fún un ní owó. Mo ní kó máa sunkún lọ,
ó ń ṣe é dáadáa.

Kí iná tó mú un,
mo fi sísọ́ọ̀sì gé àpò ṣòkòtò náà kúrò.
Àpò kì í ṣe ti ọdún.
Ìyókù jó, lẹ́búlẹ́bú ń ta pàrà,
èéfín rẹ̀ gba orí òrùlé Delfina kọjá,
iná sì wà ní fèrèsé rẹ̀.