Ìkòkò Méjì

Láti àárọ̀ ni Tùféèlì ti wà lórí òrùlé pẹrẹsẹ ilé wa,
òun àti àgò irin, òun àti búrọ́ọ̀ṣì ògbólógbòó.
Ó se ewé dóńgóyárò nínú ìkòkò tí mo fi ń se ẹ̀wà,
ó ní òórùn rẹ̀ ni yóò lé kòkòrò jìnnà.
Mo ní, ìwọ ọkùnrin yìí,
kí ni yóò lé òórùn ọ̀hún kúrò nínú ẹ̀wà mi?
Kò dáhùn. Ó ń fọ irin ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan
bí ẹni ń fọ eyín ọmọ.

Ọgbọ̀n ọdún ló fi dúró ti ẹ̀rọ ìhunṣọ
ní Faisalábáàdì wa yìí,
títí gbàgà-gbàgà fi kún un létí.
Ẹ pè é lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbọ́.
Ṣùgbọ́n kí ayékòótọ́ kékeré kan ké ṣín lókè,
á ti fi oúnjẹ sílẹ̀.

Ó yọ dígí kúrò nínú àgò.
"Akọ tó bá ń wo ara rẹ̀ kì í wo ìyàwó."
Mo rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí dígí ti wà nílé yìí.

Ó de igi ìbàlé, ó mì í, ó tún un dè:
igi tó bá ń mì, ẹyin òfo ní í mú wá.
Ó ti ẹsẹ̀ àgò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ agolo omi nítorí èèrà.
Ó so eegun ẹja òkun rọ̀, funfun báláú,
oúnjẹ èèpo ẹyin tí a kò tíì rí.

Ìkòkò amọ̀ méjì ló rà lọ́wọ́ Gáfúrù.
Méjì, fún tọkọtaya kan?
"Kí ìyá lè yàn."
Èmi tí wọ́n mú wọ yàrá kan ṣoṣo lálẹ́ ìgbéyàwó,
tí ẹnikẹ́ni ò bi bóyá fèrèsé rẹ̀ wù mí,
mo kàn ń wo ìkòkò.
Ó bu ìfọ́ pákó sí ìdí wọn,
ó fi àtàǹpàkò tẹ àárín rẹ̀, díẹ̀ báyìí,
bí ibi tí orí ọmọ ń gbé lórí ìrọ̀rí.

Nírọ̀lẹ́ ó kó wọn wọlé:
akọ aláwọ̀ ewé, imú rẹ̀ dú bí aró;
abo aláwọ̀ ojú ọ̀run, imú rẹ̀ ti pọ́n rúsúrúsú,
àmì pé ara rẹ̀ ti ń bá a sọ̀rọ̀.
Ó yẹ ìkòkò kìn-ín-ní wò. Ó yẹ ìkejì wò.
Ó wọ èyí tó ṣókùnkùn, a ò rí ju ìrù lọ.
Ìgbà náà ni ìfọ́ pákó bẹ̀rẹ̀ sí í fò jáde,
gbogbo iṣẹ́ ọ̀sán ọkọ mi,
sórí bàtà rẹ̀.

Tùféèlì lanu sílẹ̀. "Kí ni mo ṣe?"
Mo ní, o ò ṣe nǹkan kan. Òun ló ń ṣe.
Lọ́sẹ̀ tí mo wọ ilé ìyá rẹ, ṣé o rántí
ẹni tó tú okùn ibùsùn, tó tún un hun lóru?
Ó wò mí. "Ìwọ ni?"
Ọdún mọ́kàndínlógójì, ó rò pé eku ni.

Iná lọ. Àwọn ẹ̀rọ àdúgbò dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.
A wá ń gbọ́ ọ: èékánná lára amọ̀,
wẹ́rẹ́, wẹ́rẹ́.
A jẹ ẹ̀wà wa nínú òkùnkùn.
Ó korò díẹ̀.