Ọta Kan Ṣoṣo

Ìbọn mẹ́ta ni Ọdúkálẹ̀ tẹ́ sórí ẹní fún mi
nínú àgbẹ̀dẹ rẹ̀ ní Orù, láàárọ̀ ọjọ́ òjò,
ẹwìrì ń mí bí àgbàlagbà tó ń gòkè.
Ó ní, "Télọ̀, mú èyí tó bá ọ lára mu.
Bíi ṣòkòtò ni ìbọn rí, ìwọ náà mọ̀."

Èkínní dára bí ọkọ ìyàwó,
ìṣó idẹ yí ìdí rẹ̀ ká, ó ń dán yinrin.
Mo gbé e lé èjìká, ẹnu rẹ̀ tẹ̀ sílẹ̀
bí ẹni tó ń wá owó tó jábọ́.
Mo dá a padà.

Èkejì, ọ̀pá sítíárìn Pijó ni wọ́n fi rọ ọ́,
ọkọ̀ tó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì lọ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó kó tó kú.
Ṣé irú irin bẹ́ẹ̀ ni màá ní kó lọ tààrà?

Ẹ̀kẹta burẹ́wà. Wáyà bàbà ni wọ́n fi di ọrùn rẹ̀,
apátí rẹ̀ le bí ẹ̀rọ ìránṣọ tí kò rí epo,
ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tì í,
ojú mi bọ́ sórí ọ̀pá náà láìwá a,
bí òwú tó mọ ojú abẹ́rẹ́.
Mo san ìdajì. Ìdajì tó kù di ẹ̀yìn ìkórè obì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù kí a kojú àwọn ará Àwà:
ọgọ́ta ìṣísẹ̀, àwo tánńganran kan, ọta kan ṣoṣo.
Kò sí "ẹ jẹ́ n tún un ṣe."
Aṣọ tí mo bá gé ṣì, mo lè fi rán fìlà ọmọdé.
Kí ni wọ́n ń fi ọta tó ti lọ ṣe?

Ní ìdájí ni mo ń wọ oko obì bàbá mi.
Ìdérí ìgò oògùn ikọ́ ni mo fi ń wọn ẹ̀tù.
Ó kún tẹ́ńtẹ́: ó gbá mi léjìká, ọta gba orí igi lọ.
Ó dín díẹ̀: ọta rọra balẹ̀ bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì.
Mo fi èékánná sàmì sí àárín méjèèjì.
Ẹ̀tù, ihá, ọta tí mo fi àkísà léésì wé,
mo gún un, mo kà dé méje.
Bí mo bá yìn ín tán, màá fi omi gbígbóná fọ ọ̀fun rẹ̀,
omi dúdú á máa ṣàn, á máa rùn bí ẹyin tó bàjẹ́.
Ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́, kò jù bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tù wọ́n.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni ti èéfín.
O yìn ín, ayé di funfun,
o ò rí igi, o ò rí àmì, o ò rí ọwọ́ ara rẹ.
O ti ṣe é, o ò sì mọ ohun tí o ṣe.
Inú rẹ̀ ni mo wà tí mo rántí Ṣómẹ́fun, ọmọṣẹ́ mi,
tí mo lé jáde nítorí sányán oníbàárà tó sọnù,
tí mo sì rí sányán náà lẹ́yìn àpótí, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà.
Èéfín ọjọ́ yẹn pẹ́ kó tó ká.

Lọ́jọ́ ìdíje, àwo Efúnyẹmí ìyàwó mi ni wọ́n yá.
"Ẹ má dá ihò sí i lára o," gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín.
Mo di ojú kan. Mo jẹ́ kí èémí jáde dé ìdajì.
Mo fa apátí.

Èéfín.

Nígbà tó ká, àwo ti wà nílẹ̀, kò sí ihò kankan lára rẹ̀:
okùn tó fi rọ̀ ni ọta mi gé.
Ará Àwà ní òfo ni. Ará Orù ní àwo ṣáà ṣubú.
Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí oòrùn fi wọ̀,
Bàbá Kúkọ̀yí adájọ́ ti sùn lọ lórí àga.

Èmi mú okùn náà, mo wo ẹnu rẹ̀:
ó mọ́ bí ẹni fi àlùmọ́gàjí gé e.
Efúnyẹmí gbé àwo rẹ̀, ó fi etí ìró nù ún, ó ń lọ sílé.
Ìkọ́kọrẹ́ ló bù sínú rẹ̀ lálẹ́, ooru ń gòkè.
Kó tó tutù, mo ti rán ọmọ kan
pé kó lọ wò ó bóyá Ṣómẹ́fun ṣì ń gbé lẹ́yìn ọjà.