Òkúṣànyà Ka Ọrún

Iná ti lọ láti ìrọ̀lẹ́ ní Àgọ́-Ìwòyè.
Mo fi ṣọ́ọ̀kì ya òbìrí sára ògiri yàrá tí mo háyà,
ilé mẹ́rin lórí rẹ̀,
mo fún ilé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀.
Òfin ibẹ̀ kò le: kí ilé gbàgbé tirẹ̀,
kó ro ti aládùúgbò ọ̀tún mọ́ ti òsì.
Bí gbogbo wọn bá mú ení dání, eéjì ni kálukú ń gbà.
Nọ́ńbà tó ń sọ ilé di púpọ̀ láìyí ìrísí wọn padà,
òun ni mo ń pè ní àdámọ́ òbìrí.

Onílé mi yọjú tòun ti àtùpà,
Bàbá Òkúṣànyà, tó wa lọ́rì gẹdú ní Ìjẹ̀bú-Igbó
títí ojú fi kọ̀ ọ́; tẹ́tẹ́ nìkan ló kù tó ń wà.
Ó ka ìsàlẹ̀ ògiri: eéjì, òdo, òdo, eéjì onílà.
"Ṣé èyí ló máa já lọ́la?"

Mo ní rárá. Òdo ni ìròyìn tí kò délé:
ọ̀tún gbé e wá, òsì gbà á padà.
Eéjì onílà ni gbèsè:
bí ilé kan bá lówó, tí èyí tó tẹ̀ lé e jẹ gbèsè, yí ká,
gbèsè méjì ni olówó ń gbà,
owó méjì ni onígbèsè ń gbà.
Ó rẹ́rìn-ín, àtùpà fẹ́ẹ̀ kú.

"Ṣùgbọ́n ọjà ọrún nìyí. Ilé kan kù."
Mo fi ìkarùn-ún kún un.
Olówó méjì forí gbárí lẹ́nu ọ̀nà,
eéjì onílà pòórá.
"Wò ó," ó fi ìka kà á: "òní ọjà, ọ̀la, ọ̀túnla, ìrènì..."
ìka padà sórí ilé àkọ́kọ́. "Ọrún."
Ó dákẹ́. Ó tún un kà.
Ibi tó ti gbéra ló kà lẹ́ẹ̀mejì,
àwọn bàbá rẹ̀ sì ti ń kà á bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ìwé mi ní ìdúró pẹ̀lú wà lára ìṣísẹ̀.
N kò gbà á gbọ́ rí.

Ó ta eéjì, ẹẹ́rin, àrún. Kò já.
Ó fowó kún owó ilé mi,
ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n pa òbìrí náà rẹ́.