Ọ̀bẹ Tí Kì í Kú

Ẹ̀gbẹ̀, aago mẹ́rin ìdájí. Iná ti lọ.
Mo fi tọ́ọ̀ṣì wo ìgò tín-ín-rín márùn-ún.
Pupa ni mo fi wọ́n sílẹ̀ lálẹ́ àná;
mẹ́ta ti di àwọ̀ ìbẹ́pẹ tó pọ́n.
Ìyẹn ni pé wọ́n jẹun.
Ìgò kékeré tí mo dorí rẹ̀ kodò nínú ńlá
ti gbé atẹ́gùn dání, bí ọmọ tó fẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ìgbẹ́ Tọlọ́runjù ni, ọmọ oṣù mẹ́sàn-án
tó wà ní wọ́ọ̀dù kejì, tí ojú rẹ̀ ti jìn.
Mo fi ṣúgà oríṣiríṣi dẹ ohun tó wà nínú rẹ̀:
ṣúgà èso, ṣúgà wàrà, ṣúgà ìrèké.
Ẹni bá mọ oúnjẹ àlejò, á fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ìlú rẹ̀.

Kòkòrò àìfojúrí kò léyín.
Ọ̀bẹ ló ní. Ẹ́ńsáìmù là ń pè é nílé ẹ̀kọ́:
a gé ẹgbẹ̀rún ṣúgà, kò kú,
kò béèrè ìpọ́nrin.
Ahun sì ni olówó rẹ̀. Bí ṣúgà wàrà kò bá dé ẹnu ọ̀nà,
kò ní í rọ ọ̀bẹ wàrà.
Bí ti èso bá wà nílẹ̀, á kọ́kọ́ jẹ ìyẹn tán,
á sinmi díẹ̀,
kó tó fẹ́ ẹwìrì.

Ìyá mi nìyẹn, ní Ìsánlú,
tó ń fi omi kíkan àná jí ògì bàbà tòní.
“Ẹ má dà á nù o, àwọn òṣìṣẹ́ mi wà níbẹ̀.”
Kò wọ láàbù rí.
Ìkòkò rẹ̀ ń hó láìsí iná;
ìgbà tí iná gidi bá dé ìdí rẹ̀
ni gbogbo ọ̀bẹ inú rẹ̀ ń ká kò, tí ògì ń dákẹ́.

Mo ti fẹ́ kórìíra èyí tó wà lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì yìí.
Kò ṣeé ṣe. Irú ọ̀bẹ kan náà ni.
Ikùn ọmọ ló ṣì yà sí.

Mo kọ èsì sílẹ̀. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀,
ìyá Tọlọ́runjù dìde lórí bẹ́ǹṣì:
“Kí lẹ rí?”
Mo ní ohun kan ni, ó ń jẹ ṣúgà wàrà.
Ó ní, “Àwa ò ra wàrà rí, dókítà.
Ọmú mi nìkan.”

Èmi kì í ṣe dókítà.
Aṣọ àyà rẹ̀ ti rin gbindin.